Ẹ̀KỌ́ NÍPA KORÍKO KÍKAN: Bí A Ṣe Ń Pa Koríko àti Ewé Ìdílé Ẹ̀wà Mọ́ fún Ẹran Ọ̀sìn De Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ṣakí tí a ní láti kọ́ pé apá méjì ni ọdún ní. Ní apá kan, òjò ń rọ̀, koríko sì ń hù títí ó fi ń dí ọ̀nà oko. Ní apá kejì, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ń sán, iná sì ń jó igbó. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, ewúrẹ́ àti àgùntàn wa a máa jẹ, wọn a máa yó, ara wọn a sì máa dán. Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹta, àwọn ẹran kan náà ni a ń ka egungun ìhà wọn lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí àkókò yìí ń gbà lọ́wọ́ wa. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún. Èyí tí ó bá lóyún ní oṣù kẹjọ, nígbà tí oúnjẹ pọ̀, ní oṣù kìíní ni yóò bímọ, nígbà tí ewé tútù kò sí mọ́. Inú rẹ̀ ṣófo, ọmú rẹ̀ sì gbẹ. Bí ó bá bí ìbejì, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ni yóò yè, tàbí kí méjèèjì kú kí oṣù tó pé. Ẹlòmíràn nínú wa, nígbà tí ó bá rí i pé ẹran rẹ̀ ń rù, a fà á lọ sí ọjà ní oṣù kejì. Níbẹ̀ ni yóò ti bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí àwọn náà mú ẹran rírù wá, owó tí ó sì fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò ní pé. Ẹlòmíràn a tú ẹran rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa wá oúnjẹ kiri. Wọn a wọ oko olóko, wọn a jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì dé iwájú baálẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ níbi tábìlì Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi kò ní kí ara wọn mọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ní ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti baálẹ̀ nìkan, nítorí pé òfin ti lòdì sí dída ẹran jẹ̀ kiri ní ìpínlẹ̀ Èkìtì láti ọdún 2016, àti ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 2019. Ẹni tí ó bá ń sin ẹran gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ.

Síbẹ̀, koríko kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ìgbà tí ó pọ̀ ni kò bá ìgbà tí ebi ń pa ẹran mu. Jósẹ́fù ní ilẹ̀ Íjíbítì kò dá ọkà tuntun kan. Èyí tí ilẹ̀ mú jáde ní ọdún ọ̀pọ̀ ni ó kó pamọ́ de ọdún ìyàn. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe koríko tí a pa mọ́ lọ́nà yìí ni sáíléèjì. Àwa yóò máa pè é ní koríko kíkan, nítorí pé kíkan rẹ̀ ni ó ń pa á mọ́.

I. Ìdí tí sísá koríko nìkan kò fi tó

Ẹnìkan yóò wí pé, “Kí ló dé tí a kò kàn gé koríko kí a sì sá a sí oòrùn?” Ìbéèrè rere ni. Sísá koríko dára níbi tí oòrùn bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ìgbà tí koríko wa dára jù lọ ni òjò ń rọ̀ jù lọ. Bí a bá gé e sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, òjò yóò pa á ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó gbẹ, yóò sì bu, yóò sì dúdú. Bí a bá sì dúró de oòrùn oṣù kejìlá, koríko yóò ti gbó, igi rẹ̀ yóò ti le, oore rẹ̀ yóò sì ti lọ.

Oore tí à ń wí yìí ni èròjà amáradàgbà, èyí tí ń fún ẹran ní iṣan, tí ń fún ọmọ inú ní ara, tí ó sì ń fi wàrà sí ọmú. Àwọn onímọ̀ nípa ẹran ti rí i pé bí èròjà yìí bá dín sí nǹkan bí 7 nínú 100 oúnjẹ gbígbẹ, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń bá ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù da koríko nínú ikùn kò ní lè ṣiṣẹ́ wọn dáradára mọ́. Koríko yóò wà níwájú ẹran, inú rẹ̀ yóò tilẹ̀ kún, síbẹ̀ yóò máa rù. Bẹ́ẹ̀ ni koríko gbígbó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti rí. Nítorí náà, ìgbà tí koríko ṣì rọ̀ ni kí a ti mú un, kí a sì wá ọ̀nà tí òjò kò fi ní dí wa lọ́wọ́.

II. Ohun tí ìyá ológì mọ̀

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí ilé wa. Obìnrin tí ó rẹ àgbàdo, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó sẹ́ ẹ, tí ó sì fi omi bò ó nínú ìkòkò, mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ògì yóò kan. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ògì tí ó kan dáradára kì í tètè bàjẹ́. Ta ni ó kan ògì náà? Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni. Wọ́n ń jẹ adùn inú àgbàdo, wọ́n sì ń sọ ọ́ di kíkan. Nígbà tí ibẹ̀ bá ti kan tó, àwọn kòkòrò mìíràn tí ń mú nǹkan jẹrà kò lè gbé ibẹ̀.

Irú àwọn kòkòrò rere bẹ́ẹ̀ wà lára koríko láti oko. Bí a bá gé koríko wẹ́wẹ́, tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi jáde kúrò láàárín rẹ̀, tí a sì dé e pinpin, wọn yóò jẹ adùn inú koríko, wọn yóò sì mú un kan. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn kíkan, tí wọ́n ń pè ní pH. Omi mímọ́ wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Koríko tí ó bá kan dé nǹkan bí 4 yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí afẹ́fẹ́ kò bá tún wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá kù sínú rẹ̀, ọ̀ràn yí padà. Koríko yóò gbóná, yóò bu, yóò sì di ohun tí a kò lè fi bọ́ ẹran. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀kọ́ yìí má ṣe gbàgbé ọ̀kan yìí: afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Gígé tí a ń gé koríko wẹ́wẹ́, títẹ̀ tí a ń tẹ̀ ẹ́, àti dídé tí a ń dé e, láti lé afẹ́fẹ́ jáde àti láti dènà rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Auguste Goffart, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1877 lórí bí a ṣe ń pa igi àgbàdo tútù mọ́ lọ́nà yìí, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ Finland, níbi tí yìnyín ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, Artturi Virtanen wádìí bí kíkan ṣe ń pa oore koríko mọ́, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ àti ìpamọ́ oúnjẹ ẹran. Òun a máa da omi kíkan líle sí koríko náà. Àwa kò nílò rẹ̀, nítorí pé omi bẹ́ẹ̀ ń jó ni. Àwọn kòkòrò inú koríko yóò ṣe iṣẹ́ náà fún wa, bí a bá ti tún ibùgbé wọn ṣe. Ohun tí yìnyín ń ṣe fún wọn lọ́hùn-ún ni ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe fún wa níhìn-ín.

III. Ìdí tí a fi ń po koríko mọ́ ewé ìdílé ẹ̀wà

Ìdílé ẹ̀wà ni à ń pe àwọn ọ̀gbìn bí ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti òtìlí, àti àwọn igi bí àgúnmániyè, tí a ń gún mọ́lẹ̀ láti fi ṣe ọgbà, tí òdòdó rẹ̀ sì ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tí ó bá fa ẹ̀pà tu yóò rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Nínú kókó wọ̀nyí ni àwọn kòkòrò kan ń gbé tí wọ́n ń mú oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ wá fún ọ̀gbìn náà. Nítorí rẹ̀ ni èròjà amáradàgbà fi pọ̀ nínú ewé wọn ju ti koríko lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní koríko wa ní 8 nínú 100, tí ewé àgúnmániyè sì ní 22 nínú 100. Bí a bá po ìwọ̀n koríko méjì mọ́ ìwọ̀n ewé kan, 8 àti 8 àti 22 jẹ́ 38. Bí a bá pín 38 sí mẹ́ta, ó lé díẹ̀ ní 12. Koríko nìkan súnmọ́ ibi tí ẹran ti ń rù; àdàlù náà tó fún ewúrẹ́ tí ń fún ọmọ lọ́mú láti dúró.

Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá dára tó bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò fi pa òun nìkan mọ́? Nítorí pé adùn inú rẹ̀ kéré, ó sì ń bá kíkan jà. Ewé ìdílé ẹ̀wà tí a dì ní òun nìkan kì í tètè kan. Kí ó tó kan, àwọn kòkòrò búburú yóò ti wọlé, yóò sì máa rùn bí ohun tí ó kú. Koríko ní adùn, ewé ní agbára. Bí tọkọtaya ni wọ́n rí, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì mú wá. Ìwọ̀n tí ó dára ni koríko méjì sí ewé kan. Kí a má ṣe jẹ́ kí ewé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ILCA fi ewé àgúnmániyè àti ewé lùsínà bọ́ àwọn ewúrẹ́ àti àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa. Wọ́n sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gbin igi wọ̀nyí ní ìlà-ìlà láàárín oko àgbàdo, kí ilẹ̀ lè rí ewé jẹ, kí ẹran náà sì rí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àgúnmániyè ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká ti ní ìdá kan nínú iṣẹ́ yìí.

IV. Ohun tí a ó lò

Fún koríko: èèsún tí kò tíì gbó, koríko Gíní tí ó ga láàárín oko, tàbí igi àgbàdo pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ti ń le ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè wọ̀ ọ́. Igi àgbàdo dára jù, nítorí pé adùn rẹ̀ pọ̀. Kí a má ṣe lo èkan. Ó le, oore rẹ̀ sì kéré.

Fún ewé: ewé àgúnmániyè tí a já kúrò lára igi rẹ̀, ìtàkùn ẹ̀wà lẹ́yìn tí a ti ká ẹ̀wà tán tí ewé rẹ̀ ṣì tútù, tàbí ewé ẹ̀pà ní ọjọ́ tí a tú u.

Fún adùn: èèsún àti koríko Gíní kò ní adùn tó igi àgbàdo, nítorí náà kí a ràn wọ́n lọ́wọ́. Sí 100 kílò àdàlù, kí a fi nǹkan bí 5 kílò èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ti sá gbẹ tí a sì gún, tàbí kílò 3 sí 5 omi dúdú tí ń kù lẹ́yìn tí a bá ṣe ṣúgà láti ara ìrèké, kí a fi omi bí ìwọ̀n rẹ̀ là á.

Fún ibi ìpamọ́: kòtò lórí ilẹ̀ gíga tí omi kì í dúró sí, tàbí àgbá onílítà 200 tí ó ní ìdérí, tàbí àpò náílọ́ọ̀nù nínípọn méjì tí a ki ọ̀kan bọ inú èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo àgbá tí a ti fi gbé oògùn kòkòrò tàbí epo ọkọ̀, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

V. Bí a ó ṣe ṣe é

1. Ní ìparí oṣù keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kí a gé ojú koríko náà bọ́ sílẹ̀ kí ó lè tún hù ní ọ̀tun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, yóò ti tó gé. Kí a fi bí ìbú ọwọ́ kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ lára kùkùté rẹ̀ kí ó lè rúwé padà, kí erùpẹ̀ má sì bá a wọlé.

2. Kí a tẹ́ ohun tí a gé sílẹ̀ ní ibi mímọ́ fún ìdajì ọjọ́, kí ó lè rọ díẹ̀. Bí òjò bá ń bọ̀, kí a kó o sábẹ́ òrùlé.

3. Kí a gé e wẹ́wẹ́, kí gígùn rẹ̀ má ju oríkèé ìka kan lọ. Níbi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bá lè dá owó jọ ra ẹ̀rọ ìgékoríko, iṣẹ́ á yá. Bí kò bá sí, àdá mímú àti pákó tó. Èyí tí a kò gé kúkúrú kò ṣe é tẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ yóò sì sá pamọ́ sínú rẹ̀.

4. Kí a dán omi inú rẹ̀ wò. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un gírígírí bí ẹni ń fún gàrí, kí a sì tú ọwọ́. Bí omi bá ń kán, ó tutù jù. Kí a tún un tẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù. Kí a wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí ó bá dúró bí òkèlè, tí ó sì ń tú díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ tutù ṣùgbọ́n tí omi kò kán, ó tó.

5. Kí a po ó: agbọ̀n koríko méjì, agbọ̀n ewé kan, kí a sì wọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí omi ìrèké náà káàkiri. Orí ilẹ̀ ni kí a ti po ó kí ó tó wọ kòtò, kí koríko má baà wà lọ́tọ̀, kí ewé má sì wà lọ́tọ̀.

6. Kí a tẹ́ náílọ́ọ̀nù sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kòtò. Kí a da àdàlù sí i ní ìpele tí kò nípọn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, kí a sì wọ inú rẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Kí a tẹ ẹ̀gbẹ́ dáradára ju àárín lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń fara pamọ́ sí. Nínú àgbá, kí a fi igi bí ọmọ odó gún un. Ó tó nígbà tí àtàǹpàkò kò bá lè rì wọ inú rẹ̀ mọ́.

7. Kí a parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí a bẹ̀rẹ̀, tàbí ní ọjọ́ kejì ó pẹ́ tán. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni. Kí aládùúgbò mẹ́rin tàbí márùn-ún para pọ̀, kí wọ́n ṣe ti ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, bí a ti máa ń ṣe àáró.

8. Kí orí rẹ̀ ga ju ẹnu kòtò lọ kí omi lè máa ṣàn kúrò. Kí a fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kí a da erùpẹ̀ tí ó nípọn bí ẹsẹ̀ bàtà kan lé e, kí a gbé òkúta lé erùpẹ̀, kí a sì la ipa omi yí i ká. Bí òjò bá la ojú rẹ̀, tàbí bí eku bá lu ú, kí a dí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó kéré tán, kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dára jù. Èyí tí a dì ní ìparí oṣù kẹsàn-án yóò ti tó kí ọyẹ́ tó dé, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é títí di oṣù kẹta bí a kò bá ṣí i.

VI. Ìṣirò fún ilé ewúrẹ́ mẹ́wàá

Kílò kan koríko kíkan fún ewúrẹ́ kan lójúmọ́ tó láti fi kún ohun tí ó bá rí jẹ, bí èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti èérí àgbàdo. Ewúrẹ́ mẹ́wàá yóò jẹ 10 kílò lójúmọ́. Fún 120 ọjọ́, ó jẹ́ 1,200 kílò. Kí a fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tí yóò bàjẹ́ lójú kòtò. Ó di 1,320 kílò.

Kòtò tí ó gùn ní mítà 1, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì jìn ní mítà 1 a máa gba nǹkan bí 500 kílò bí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáradára. Nítorí náà, kòtò tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1 àti ààbọ̀, tí ó sì jìn ní mítà 1 yóò gba nǹkan bí 1,500 kílò, ó sì tó. Opó tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta péré kò nílò kòtò. Kílò 360 ni tirẹ̀, àgbá kan sì ń gba nǹkan bí 100 kílò. Àgbá mẹ́rin yóò gbé e la ẹ̀ẹ̀rùn já.

VII. Bí a ó ṣe ṣí i àti bí a ó ṣe dá a mọ̀

Kí a má ṣe ṣí gbogbo ojú kòtò lẹ́ẹ̀kan. Igun kan ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń gé ẹ̀kọ, kí a bu ti ọjọ́ náà, kí a sì dé e padà. Kí a máa bu ú lójoojúmọ́, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà.

Koríko kíkan tí ó dára a máa ní àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n, a máa ta sánsán bí ògì tàbí ọtí àgbàdo, ewé àti igi rẹ̀ ṣì ṣe é dá mọ̀. Èyí tí ó dúdú ti gbóná jù. Èyí tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ tí ó sì ń rùn bí ohun òkú ti tutù jù, tàbí ewé ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí nǹkan funfun bí òwú hù lára rẹ̀ ti rí afẹ́fẹ́. Kí a kó irú ìwọ̀nyí dà sí ààtàn; ọ̀gbìn yóò jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹran lè gbóòórùn rẹ̀ kí ó sì yí ojú padà. Kí a fún un ní ẹ̀kúnwọ́ kan pẹ̀lú oúnjẹ tí ó mọ̀, kí a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí omi mímọ́ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá ń fún wàrà, kí ó fún wàrà tán kí ó tó gbé koríko kíkan fún ẹran, kí òórùn rẹ̀ má baà wọ inú wàrà.

VIII. Ìkìlọ̀ nípa ìlera

Nínú koríko tí kò kan dáradára ni kòkòrò kan tí ń jẹ́ Listeria ti ń gbilẹ̀. A máa mú àgùntàn àti ewúrẹ́ yí po lójú kan, orí wọn a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, oyún wọn a sì ṣẹ́. Ó lè ran ènìyàn pẹ̀lú, ó sì burú jù fún aboyún. Nítorí náà, kí aboyún má ṣe fọwọ́ kan oyún ẹran tí ó ṣẹ́, kí gbogbo ilé máa se wàrà kí wọ́n tó mu ún, kí ẹni tí ó bu oúnjẹ ẹran sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ búburú a máa jáde lára koríko náà, ó sì máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ kòtò jíjìn. Kí ọmọdé má ṣe ṣeré níbẹ̀, kí àgbàlagbà má sì dá nìkan sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kòtò tí kò jìn ju mítà 1 lọ fi dára fún wa.

Kí a kó gbogbo àjákù náílọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀. Ewúrẹ́ a máa jẹ ẹ́, kì í sì í dà nínú rẹ̀. A máa dí i ní ikùn títí ó fi kú. Kí a má sì fún ẹṣin ní ewé àgúnmániyè, nítorí pé májèlé ni fún un.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ìdí tí koríko gbígbó kò fi lè gbé ẹran ró, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ kún?
2. Kí ni ó so koríko kíkan àti ògì pọ̀?
3. Èéṣe tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ewé ìdílé ẹ̀wà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ?
4. Bí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ koríko tí omi sì ń kán, kí ni kí a ṣe?
5. Àgùntàn mẹ́fà ń jẹ kílò 1 àti ààbọ̀ lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kílò mélòó ni wọn yóò jẹ ní 100 ọjọ́? Báwo ni kòtò wọn yóò ṣe tóbi tó?

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá ni èyí. Àdá, agbọ̀n, náílọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ tí kò rẹ̀ láti tẹ̀, àti ọjọ́ méjì nínú oṣù kẹsàn-án ni ó ń béèrè. Ẹni tí ojú ń ti láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòtò, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò kan ní ọdún yìí. Olúwa ni ó ń rọ òjò tí ó sì ń mú koríko hù fún ẹran. Kíkó rẹ̀ pamọ́ ni Ó fi lé wa lọ́wọ́. Kí ewúrẹ́ tí ó bá bímọ ní ilé wa ní oṣù kìíní tí ń bọ̀ rí oúnjẹ jẹ, kí ọmọ rẹ̀ sì rí ọmú mu.